Server Ò Mọ Ohun Tí O Ti Kà: Iṣẹ́ Tí Newsreader Ń Ṣe Lórí Usenet

Bí ẹni tó ń gbé Kubwa bá fẹ́ fi àpò ẹ̀wà ránṣẹ́ sílé ní Ìbàdàn, gáréèjì Jábì ni yóò gbé e lọ. Àpò kan ni, ọkọ̀ kan ni yóò gbé e, tó bá sì ti kúrò ní Jábì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́tà orí Usenet, ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọ̀wé síra wọn ní gúrúùpù-gúrúùpù lórí kọ̀ǹpútà, ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo gáréèjì tó bá yà sí ló máa ń da ẹ̀dà rẹ̀ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tì í síwájú. Gáréèjì yẹn ni wọ́n ń pè ní server. Tom Truscott àti Jim Ellis ló gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1979, nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó dá ni í títí dòní. Ẹni tó wà ní Nyanya lè máa gba server kan, kí ti Gwarinpa máa gba òmíràn, kí àwọn méjèèjì sì wà nínú gúrúùpù kan náà. Nítorí pé ẹ̀dà kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn máa ń ṣáájú ìbéèrè dé nígbà mìíràn. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba orí Google Groups wọ Usenet. Google ti ilẹ̀kùn yẹn ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2024: àwọn lẹ́tà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tuntun ò gba ibẹ̀ wọlé, kò sì gba ibẹ̀ jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kópa báyìí gbọ́dọ̀ ní newsreader, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka lẹ́tà Usenet tí wọ́n sì fi ń fèsì, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ server kan. Eternal September ń gbani lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ lẹ́tà nìkan ló ń kó, kì í kó fíìmù tàbí fáìlì ńlá.

Ohun tí àwọn tó ń fi newsreader wéra sábà máa ń fò ni pé server ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ti kà. Ó kàn ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bó ṣe ń wọlé ni. Newsreader ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú soc.culture.nigeria, nọ́ńbà 1 dé 4210 ti di kíkà. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ .newsrc ni tin, ọ̀kan lára àwọn newsreader, ń kọ tirẹ̀ sí. Tí fáìlì náà bá sọnù, gbogbo gúrúùpù á padà di tuntun. Nọ́ńbà server kan kì í sì í bá ti òmíràn mu, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ server láìtún fáìlì yẹn ṣe á rí i pé lẹ́tà tí òun ò fojú kàn rí ti di èyí tí wọ́n ní òun ti kà.

Èdè tí newsreader fi ń bá server sọ̀rọ̀ ni NNTP, tí wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1986. Newsreader kì í kó odindi lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń kọ́kọ́ béèrè àkọlé, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ àti bó ṣe tóbi tó. Ó dìgbà tí èèyàn bá ṣí lẹ́tà kó tó lọ gbé inú rẹ̀ wá. Ẹni tó ń ra dátà mọ iyì èyí. Thunderbird, newsreader mìíràn tó tún ń ka ímeèlì, tiẹ̀ máa ń dúró béèrè tí lẹ́tà tuntun bá ju 500 lọ, pé ṣé kí òun kó gbogbo rẹ̀.

Thunderbird ló rọrùn jù fún ẹni tó ti ń fi í ka ímeèlì tẹ́lẹ̀. Ó lè pa awuyewuye kan tì pátápátá, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi máàkì wọn lẹ́tà. Pan àti slrn, àwọn newsreader méjì mìíràn, mọ̀ ọ́n. Èèyàn lè fún aláriwo kan ní -9999, kó má rí i mọ́, kó sì fi máàkì gíga gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń nítumọ̀ sókè. Gnus tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí a bá ní kó ṣe é, á máa ṣọ́ ohun tí ẹni tó ń lò ó ń kà àti ohun tó ń fò, á sì máa dá máàkì náà fún wọn. Àmọ́ inú Emacs, ètò tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ló ń gbé, ẹni tí kò bá mọ Emacs tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ tìtorí èyí nìkan lọ dá ara rẹ̀ lóró.

Ní Abuja, ibi tí slrn ti yọrí jù kọ́ ni máàkì. Kò ní bọ́tìnnì, kò ní àwòrán, ojú dúdú àti ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ slrnpull. A lè ní kó máa jáde ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí dátà òru pọ́ọ́kú, kó lọ kó gbogbo lẹ́tà tuntun wá sílé. Tó bá di ọ̀sán, tí wọ́n mú iná lọ ní Lugbe, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ń ṣe ségesège, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti tó. Èèyàn á kà, á fèsì, èsì á sì dúró de ìgbà tí slrnpull bá tún jáde. Thunderbird àti Pan náà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó lẹ́tà pamọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ló máa ń rán wọn létí.

Ẹni tó gbára lé fóònù nìkan ló níṣòro jù. Thunderbird orí Android tó jáde ní 2024 ò mọ Usenet rárá.

Àmì ohùn wá ń kọ́? Fáwẹ́lì bíi ẹ́ ò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tó ń fún álífábẹ́ẹ̀tì gbogbo èdè ní nọ́ńbà: ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó gbé àmì lé e lórí. Newsreader tó bá ń fi UTF-8, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ Unicode, ránṣẹ́ á gbé e délé láìfarapa, èyí tó bá ṣì di ISO-8859-1, ọ̀nà àtijọ́, mú lè sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Ti slrn àti tin tún kan ojú dúdú tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ fáwẹ́lì. Gúrúùpù kan wà tó ń jẹ́ alt.test, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan. Ẹni tó bá fi “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o” ránṣẹ́ síbẹ̀, tó sì fi newsreader mìíràn ṣí i, á rí bó ṣe padà wá.