Ìbáramu ráàmù àti pùròsẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà

Ìbáramu ráàmù (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) àti pùròsẹ́sọ̀ (ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀) dá lórí bóyá èyí tí ènìyàn fẹ́ rà yóò bá mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ ní Agbowó, lódìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Bí irú rẹ̀ bá ń falẹ̀, fífi ráàmù kún un sábà máa ń dínwó ju ríra òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń pinnu ohun tí yóò gbà, owó ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè wọgbó.

Ráàmù

Ìran-ìran ni ráàmù. DDR3 jáde ní 2007, DDR4 dé ọjà ní 2014, ìlànà DDR5 sì jáde ní 2020. Ìran kan kì í wọ ihò ìran mìíràn, nítorí ojú ibi tí wọ́n gé létí wọn kò dọ́gba. DDR4 àti DDR5 ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ ní eyín (àwọn ìlà irin tín-ín-rín etí rẹ̀) 288, síbẹ̀ ọ̀kan kò wọ ihò èkejì. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í yóò ba ihò náà jẹ́. Ti láptọ́ọ̀pù kúrú: eyín 204 ni DDR3 rẹ̀ ní, DDR4 ní 260, DDR5 ní 262.

Bébà tó lẹ̀ mọ́ ara ráàmù ló ń sọ ìyókù. Ká ní ohun tí wọ́n kọ ni “8GB 2Rx8 PC3L-12800S”. 8GB ni ìwọ̀n rẹ̀, 2Rx8 ń sọ bí wọ́n ṣe to ṣíìpù ara rẹ̀, PC3 ni DDR3, 12800 ni iye mẹ́gábáìtì tó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan (ìyẹn DDR3-1600), S sì ni ti láptọ́ọ̀pù. Lẹ́tà L yẹn ni kí á fojú sí jù. Ó ń sọ pé ráàmù náà lè lo fóltì 1.35, nígbà tí DDR3 lásán ń lo 1.5. Láptọ́ọ̀pù HP EliteBook 840 G1 tó ní pùròsẹ́sọ̀ i5-4300U, fún àpẹẹrẹ, fóltì 1.35 nìkan ló gbà. DDR3 lásán yóò wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò ní tàn.

Ráàmù sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà) tún wà, èyí tí lẹ́tà R máa ń gbẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀. Ó lè dínwó gan-an, ó sì lè wọ ihò kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù lásán kì í gbà á. Bí ráàmù méjì tí eré wọn kò dọ́gba bá jọ wà nínú ẹ̀rọ kan, eré èyí tó lọ́ra ni àwọn méjèèjì yóò máa sá.

Pùròsẹ́sọ̀

Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ojú ibi tí pùròsẹ́sọ̀ ń wọ̀ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ni kí á kọ́kọ́ wò. Ní ti Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pùròsẹ́sọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 1155 gba pùròsẹ́sọ̀ ìran kejì àti ìkẹta, LGA 1150 sì gba ìran kẹrin. LGA 1151 máa ń tan ni jẹ: orúkọ kan náà ni ìran kẹfà dé ìkẹsàn-án ń jẹ́, ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ìran kẹfà àti ìkeje kì í gba ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ti AMD, ilé iṣẹ́ pùròsẹ́sọ̀ mìíràn, gba ìran púpọ̀, bí wọ́n bá ti sọ BIOS mọ́dábọ́ọ̀dù náà (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) dọ̀tun.

Láti nǹkan bí ìran karùn-ún ni Intel ti ń jó ọ̀pọ̀ jù lọ pùròsẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ní irú èyí, ráàmù àti SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára) ló yẹ kó náwó lé, bí ráàmù náà kò bá jẹ́ jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Lórí Windows, Task Manager ń fi eré ráàmù àti iye ihò tó kún hàn. CPU-Z, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń fi ìran ráàmù àti orúkọ pùròsẹ́sọ̀ hàn. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ lè gbà wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Windows oníbíìtì 32 ti ilé kì í lò ju 4GB lọ, bó ti wù kí ráàmù pọ̀ tó. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti, lára Intel, ìran kẹjọ sókè, àfi díẹ̀ nínú ìran keje. Ráàmù tuntun kò yí ìyẹn padà fún láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin.