Bí Èlé Ṣe Wọ Òfin Owó Gbà-má-bínú Ilẹ̀

Ẹni tí katakata ti wó oko obì rẹ̀ lẹ́bàá Ṣàgámù tàbí Ògèrè, tí owó gbà-má-bínú kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba yóò san èlé lórí rẹ̀. Ìdáhùn wà nínú òfin, àmọ́ ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá sí Rẹ́mọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ káàkiri, òfin ọdún 1845 gbà kí ilé-iṣẹ́ wọ ilẹ̀ kí iye rẹ̀ tó yanjú, bí ó bá ti fi owó ìdúró sílẹ̀, tí ó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò san èyí tí ó bá kù pẹ̀lú èlé ìdá 5 nínú 100 lọ́dún, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó wọ ilẹ̀ náà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ẹlòmíràn ti ń jẹ èrè ilẹ̀ ni ó yẹ kí gbèsè ti máa bímọ.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin gbígba ilẹ̀ ti ọdún 1917, iye tí ilẹ̀ tó lọ́jà ni wọ́n fi díwọ̀n owó, ilé ẹjọ́ ni ó sì ń dájọ́ bí àríyànjiyàn bá wà. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn gba Abẹ́òkúta, kò gba Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n òfin náà kò yọ Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ pé kí wọ́n ṣírò owó náà bí ẹni pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ni ilẹ̀ pátápátá.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni ó yí gbogbo èyí padà. Ọdún náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó la ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Abala 29 sọ pé fún ilẹ̀ gan-an, kìkì owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún tí wọ́n gbà á ni ìjọba yóò dá padà, nítorí náà ìdílé tí ó jogún ilẹ̀ tí kò sì san nǹkan kan kò ní rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Fún ilé àti ohun tí a gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀, tí abala 51 ka oko igi tí ó ń pẹ́ bí obì mọ́, wọn yóò san iye tí a ó fi kọ́ tàbí gbin irú rẹ̀, wọn yóò yọ iye tí gbígbó ti dín kù nínú rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì fi èlé báńkì lé e bí owó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan irè oko yòókù, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kọ sílẹ̀ nìkan ni òfin dárúkọ, kò sí ọ̀rọ̀ èlé níbẹ̀ rárá. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ará Rẹ́mọ dì mú jù, nítorí obì gbànja kì í ṣe ohun tí a gbìn lónìí kó so lọ́la, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì ní ilé kankan nínú oko.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 44, pàṣẹ kí wọ́n san owó náà láìjáfara, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè dé ilé ẹjọ́ lórí iye rẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbà kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá owó tó tàbí kò tó, ìgbìmọ̀ tí Gómìnà yàn ni ó fi ọ̀ràn náà sí lọ́wọ́. Bí a bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ èlé kún ti irè oko yòókù, abala 315 sọ pé ọ̀nà tí a ń gbà tún Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ṣe ni a ó gbà: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ilé méjèèjì l'Ábùjá, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36.