Etí tó ń dún kọ́ ni agogo ọkàn

"Etí mi ń hó yee látàná, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọkàn mi ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀." Ẹnu àwọn àgbàlagbà tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́ ni mo ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù náà kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, bẹ́ẹ̀ etí kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa ṣọ́.

Àìsàn tí òyìnbó ń pè ní heart failure kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti dákẹ́. Ọkàn ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lágbára tó láti tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ, omi á wá máa dúró sára. Ọrùn ẹsẹ̀ á wú; tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè padà. Lóru, ẹni tó ń fi ìrọ̀rí kan sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í to méjì, mẹ́ta léra, torí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, èémí ò ní dá geere mọ́. Ikọ́ á máa jí i. Àtẹ̀gùn ilé tó ń gùn tẹ́lẹ̀ láìmí hẹlẹ á wá di òkè. Ẹ ò rí etí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹsẹ̀ wíwú yìí gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé "ó tẹ oògùn," tí wọ́n á fi máa gbé aláìsàn láti ilé dé ilé. Nígbà táwọn dókítà ka àwọn tó ní àìsàn ọkàn yìí nílé ìwòsàn kan l'Ábẹ́òkúta, ó ju 75 lọ nínú 100 tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá a sílẹ̀.

Etí ní tirẹ̀ máa ń dún nítorí ariwo ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn òde àríyá, nítorí ọjọ́ orí, tàbí nítorí ìdọ̀tí tó dí i. Àwọn tó lo kuníìnì sí ibà láyé ọjọ́un mọ bó ṣe máa ń hó.

Oògùn àìsàn ọkàn ni ibi tí etí àti ọkàn ti pàdé lóòótọ́. Lasix tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára lè da etí láàmú, pàápàá bó bá pọ̀ jù, bí wọ́n bá yára gún un sínú iṣan, bí kíndìnrín ò bá lágbára, tàbí bí wọ́n bá fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ gentamicin tó ń pa kòkòrò àrùn mọ́ ọn. Ibí ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣe èèyàn léṣe: ẹlòmíì gbọ́ ariwo, ó ní àìsàn ọkàn ti le sí i, ó sọ oògùn kan di méjì, ẹlòmíì dà á nù, omi sì tún kún ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyíkéyìí. Ẹ sọ fún dókítà, òun ló lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Àfi ariwo kan o. Ẹ gbé ìka lé ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ yín. Bí ariwo etí bá ń bá a rìn, kì, kì, kì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò: ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí iṣan tó há. Bí etí kan bá sì ṣàdédé di, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.