Ike tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá

Bí ẹ bá bó wáyà iná lára, bàbà lẹ máa rí nínú, ike ló bò ó. Bàbà ni iná ń gbà kọjá. Ike ni kì í jẹ́ kó gbé wa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wáyà ilé mọ èyí. Ohun tí wọ́n ń pè ní organic electronics ló wá da ọ̀rọ̀ rú: ike ni, iná sì ń gba inú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé "organic" ti oúnjẹ tí wọn ò fi ajílẹ̀ òyìnbó gbìn ni o. Kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ egungun igi, epo pupa àti ara wa ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Nínú ike lásán, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ègé tíńtín tó ń gbé iná rìn, há sójú kan. Nínú irú èyí, ìdè ẹyọ kan àti ìdè oníméjì ń tẹ̀lé ara wọn láàárín àwọn kábọ́ọ̀nù, bí ẹ̀wọ̀n, ìdè oníméjì yẹn ló sì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè rìn. Àmọ́ ọ̀nà ti há bí ọjà ọjọ́ ọdún, kò sẹ́ni tó rí ẹsẹ̀ gbé. Ẹ fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ áyódíìnì fa díẹ̀ kúrò níbẹ̀, àyè á ṣí, ìrìn á bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe ló kọ́kọ́ ṣínà. Ní Tokyo, ní yàrá ìwádìí tí onímọ̀ kẹ́míkà Hideki Shirakawa ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan fi èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá sí i ní ìlọ́po 1,000 ìwọ̀n tó yẹ. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà ló jáde. Lọ́dún 1977, Shirakawa, Alan MacDiarmid àti Alan Heeger fi áyódíìnì sí i ní Philadelphia, agbára rẹ̀ láti gbé iná sì fi ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù kan lọ pọ̀ sí i. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Ìbátan rẹ̀ ló wà lójú fóònù OLED, irú ojú fóònù tí èròjà oníkábọ́ọ̀nù ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán dúdú nínú òkùnkùn: ojú fóònù á dà bíi pé ẹ ti pa á, torí pé tótó kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná tara rẹ̀.

Páńẹ́ẹ̀lì sólà ni èmi ń wọ̀nà fún jù. Sílíkọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀, kì í yọ́ àfi kí ooru kọjá ìwọ̀n 1,400 lórí Celsius. Ike tiwa yìí ṣe é pò bíi yíǹkì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó ṣe é ká. Kò tíì lágbára tó sílíkọ́ọ̀nù, atẹ́gùn àti omi sì ń tètè bà á jẹ́. Bí ojú fóònù OLED bá sán, tí àbàwọ́n dúdú kan ń fẹ̀ lójoojúmọ́ bí epo lára aṣọ, àwọn méjèèjì ló ti ráyè wọlé yẹn.