Orúkọ Function Nínú Kernel: Ẹni Tó Máa Pè É Ni Kí Ẹ Rò

Kernel ni sọ́fúwià tó wà láàárín ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà gan-an àti gbogbo app tí ẹ ń lò. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni kernel tó wà nísàlẹ̀ Android. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti lọ́wọ́ sí kóòdù rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọra rí. Ẹni tó fẹ́ lo function (apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, tí a ń fi orúkọ pè) tí ẹlòmíì kọ, orúkọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, nígbà míì kò ní ka ohun tó kọjá ìyẹn.

Ẹ wo kzalloc. Ó ń gba àyè nínú memory, á sì fi òdo kún un kó tó gbé e fún ẹni tó béèrè. Òdo yẹn ni z ń tọ́ka sí. Kzfree náà wà nígbà kan. Ó ń fi òdo pa ohun tó wà nínú àyè rẹ́ kó tó dá a padà, kí kọ́kọ́rọ́ àṣírí má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ẹni tó bá rí orúkọ méjèèjì á tètè rò pé ohun tí kzalloc bá gbà, kzfree ló gbọ́dọ̀ dá a padà. Kò rí bẹ́ẹ̀, kfree lásán, tó ń dá àyè padà láìfi òdo pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ti tó. Torvalds ní tí lílo function méjì kò bá bára mu, kí orúkọ wọn bára mu ń ṣini lọ́nà ni. Ní 2020, wọ́n sọ kzfree di kfree_sensitive. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó sọ ìdí tí èèyàn fi máa pè é, èmi sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni èsì tí function ń dá padà. Ìlànà Linux ni pé tí orúkọ bá jẹ́ àṣẹ, bíi add_work (fi iṣẹ́ kún un), òdo ni kó dá padà tí iṣẹ́ bá yọrí. Tó bá jẹ́ ìbéèrè, bíi pci_dev_present (ṣé ẹ̀rọ náà wà?), 1 ló túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á ka àṣeyọrí sí ìkùnà, compiler, ìyẹn sọ́fúwià tó ń yí kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, lè máà sọ nǹkan kan.

Ìlànà kan náà ní kí function tí gbogbo kernel lè pè máa ní orúkọ tó ṣàlàyé ara rẹ̀, bíi count_active_users (ka àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́), kì í ṣe cntusr. Orúkọ kúkúrú bíi i kò burú fún ohun tí kò kúrò nínú function kan.

Kí ẹ tó fi kóòdù yín ránṣẹ́, ẹ fi ìlà tó ń pe function náà nìkan han ẹni tí kò bá yín kọ ọ́, kó sọ ohun tó rò pé ó ń ṣe. Bí ohun tó sọ kò bá tọ̀nà, ẹ yí orúkọ náà lójú ẹsẹ̀, nítorí tí ọ̀pọ̀ fáìlì bá ti ń pè é, gbogbo wọn lẹ máa tún ṣe.