Ìtọpinpin orírun pátákó dígí oníwúrà

Pátákó dígí oníwúrà jẹ́ pátákó orúkọ tàbí ti ìpolówó tí wọ́n fi wúrà àti ọ̀dà kọ lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn dígí, tí ẹni tó dúró níwájú sì ń kà. Láti nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún 19 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ó pọ̀ lára ṣọ́ọ̀bù, báńkì, ilé oògùn àti ilé ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ará Róòmù ti ń fi wúrà sáàárín dígí ní ọ̀rúndún 4, Cennino Cennini, ayàwòrán ará Ítálì, sì ṣàlàyé irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1400. Orúkọ Jean-Baptiste Glomy, onífírémù ní Paris tó kú ní 1786, ni àwọn Faransé fi ń pè é ní verre églomisé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló dá a sílẹ̀.

Oníṣẹ́ á yọ́ gẹ̀látìn, irú gọ́ọ̀mù kan, sínú omi gbígbóná, á fi pa ẹ̀yìn dígí, á wá fi bùrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ gbé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, torí pé ìka ọwọ́ á fà á ya. Lórí wúrà yìí ló ti ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà láti ọ̀tún sí òsì. Bí ọ̀dà bá gbẹ, á nu wúrà tí ọ̀dà kò bò kúrò.

Ẹ̀yìn dígí yìí ló yẹ kí olùtọpinpin kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Abala wúrà kan kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 níbùú lóròó lọ, nítorí náà ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn níbi tí abala kan ti gun èkejì. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í sí lára èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tàbí tí wọ́n fi lúbúlúbú idẹ kùn. Idẹ a sì máa dúdú bó bá pẹ́, wúrà kì í dúdú. Dígí pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Pilkington, tó ń ṣe dígí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ọ̀nà tí wọ́n fi ń da dígí yíyọ́ sórí irin tin yíyọ́, ojú kan dígí bẹ́ẹ̀ sì máa ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet onígbì kúkúrú, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí. Pátákó “1890” tó bá wà lórí irú dígí yìí, ayédèrú ni. Dígí àtijọ́ nìkan kò tó ẹ̀rí ṣá, torí ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ lára fèrèsé ilé àtijọ́.

Àdírẹ́sì tó wà lójú pátákó ló sábà máa ń fi ìgbà tí wọ́n ṣe é hàn jù. Ní London, lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń dá àdúgbò mọ̀, bí “E.C.”, bẹ̀rẹ̀ ní 1857 sí 1858, ṣùgbọ́n 1917 ni wọ́n tó fi nọ́ńbà kún un, “E.C.4” kò lè ṣáájú ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà, ZIP Code, nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi ń dá àdúgbò mọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn èyí, ìwé atọ́ka oníṣòwò, bíi Post Office London Directory, á sọ iye ọdún tí ilé iṣẹ́ náà fi wà ní òpópónà yẹn.

Orúkọ gàdàgbà tó wà lójú pátákó jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù. Ti ẹni tó ṣe é, bí Rawson & Evans ti Chicago, máa ń kéré ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí fírémù ti lè bò ó. Bí wọ́n bá yọ fírémù láti wò ó, wọn kì í fi omi nu ẹ̀yìn dígí, nítorí gẹ̀látìn tó di wúrà mú ṣì lè yọ́.