Ọgbà òjò: ibi tí ilẹ̀ ti ń mu àgbàrá

Ọgbà òjò ni ilẹ̀ tí a gbẹ́ wọlé díẹ̀, tí a gbin nǹkan sí, tí a sì darí omi òrùlé tàbí ti àgbàlá sí kí ilẹ̀ lè ráyè mu ún. Kì í ṣe kànga, kì í ṣe adágún. Gọ́tà ń gbé omi lọ bá ẹlòmíràn ni. Ọgbà òjò ń dá a dúró, ó ń fà á sínú ilẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, omi ti tán níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é síwájú ilé ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, dípò kí wọ́n máa ri páìpù ńlá mọ́lẹ̀.

Àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gan-an la nílò rẹ̀. A ti fi símẹ́ǹtì bo àgbàlá tán. Omi tí ilẹ̀ pupa wa ì bá mu, orí símẹ́ǹtì ló ń gbà sáré, á kó ọ̀rá, á kó epo àti ẹrẹ̀, á gba àfonífojì Zounvi, á já sínú ọ̀sà. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ń gbọ́n ọn jáde nínú yàrá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ilé tuntun tí wọn ò fi ilẹ̀ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láìrẹ́ símẹ́ǹtì sí.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Òjò mìlímítà 1 tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà omi 1 ni. Tí páànù ilé yín bá jẹ́ mítà 10 sí mítà 6, òjò mìlímítà 30, irú èyí tí kì í jọni lójú ní oṣù kẹfà, yóò da lítà 1,800 sílẹ̀. Ọgbà tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, gba gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́kù. Ẹ má gbẹ́ ẹ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Bó bá fẹ̀, ó sàn ju kó jìn lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tan ènìyàn jẹ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ ki igi bọ̀ ọ́, ẹ sàmì sí ibi tómi dé, kẹ́ ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ yẹn dára. Lápá ọ̀sà, níbi tí omi ti ń sun fúnra rẹ̀ nígbà òjò bí èèyàn bá gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, ẹ má ṣe é rárá. Ilẹ̀ tó ti yó ò lè mu mọ́.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nítorí náà, kí ọgbà yín jìnnà sí ògiri, ó kéré tán mítà 3, kó sì jìnnà sí ṣálángá àti kànga. Iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ bá hú, ẹ fi mọ ebè sí apá ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu kékeré kan sílẹ̀ lára rẹ̀ tí omi yóò gbà jáde lọ́jọ́ tí òjò bá pọ̀ jù. Ẹ to òkúta sí ẹnu yẹn. Ẹ tò ó sí ibi tí omi òrùlé ń já sí náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ́ ilẹ̀ lu.

Ohun ọ̀gbìn tó lè fara da omi àti ọ̀gbẹlẹ̀ la ń wá. Ìdò dára láàárín. Kókò àti tètèrègún náà fẹ́ràn ibẹ̀, pàápàá tí ibòji bá wà. Koríko ọba ní tirẹ̀, etí òkè ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí, torí omi tó bá dúró sí i nídìí kì í bá a lára mu. Gbòǹgbò wọn ló ń la ilẹ̀ tí omi fi ń ráyè wọlé. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ò pọn dandan, ọ̀sà ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin wọ́n nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ sì máa tu èpò. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹ ṣa ọ̀rá, ẹ kó ẹrẹ̀ tó ti dì sí ẹnu ọ̀nà omi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rìn tàbí gbé ọ̀kadà sínú rẹ̀, torí ilẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ kì kì í fa omi mọ́. Ẹ̀fọn ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò, ó ń gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Omi tó bá gbẹ láàárín ọjọ́ 2 kò lè bí i. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹ wo ojú ilẹ̀ náà dáadáa: ẹ ó rí ẹrẹ̀ tín-ín-rín tó ti dì lé e lórí. Ẹ fi ọkọ́ ha á kúrò, ẹ tú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tún fi ewé gbígbẹ bò ó.